Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó, Ẹ Pa Inú Rẹ̀ Rẹ́ Kí Ẹ Tó Tà Á: Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀

Àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ìyàrá, Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà: ẹ̀rọ tó ti ọwọ́ ẹlòmíràn bọ́ sọ́wọ́ wa, tàbí èyí tó fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù ní Ìkẹjà, tó gbé e dé Ìsánlú kó tó rí àbùkù ara rẹ̀, yóò ro ti owó ọkọ̀ àti ti ọjọ́ iṣẹ́ tó máa fi ṣòfò kó tó lè gbé e padà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fọwọ́ lérán. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe lójú ẹni tó ń tà á, nígbà tí owó ṣì wà lápò yín, la máa tẹnu mọ́ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni mí. Mo rí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Lọ́kọ́jà: Core i5-6300U, RAM 8GB, SSD 256GB. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, mo sì gbọ́ pé Windows 10 ti kú. Ẹni tó ń tà á ní òun máa fi Windows 11 sí i fún mi lójú ẹsẹ̀, pé kò séwu. Ṣé kí n rà á?
Olùkọ́, Ìyàrá

ÌDÁHÙN: Windows 10 kò kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà yóò máa tàn, Word yóò máa ṣí, àmọ́ ihò tuntun tí àwọn ọ̀daràn bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí yóò bá yín dí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiyín ti ń lanu, ẹni tó ń rẹ́ ẹ sì ti lọ.

Kì í ṣe pé a fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún ihò kan nínú Windows. Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílùú Ọba wà lára àwọn tó fara gbá a. Kọ̀ǹpútà tí kò tíì gba àtúnṣe oṣù Kẹta ló rí mú.

Síbẹ̀, àfikún àtúnṣe ààbò ọdún kan wà fún àwọn tó ń lo Windows 10 nílé, tí yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ winver: ó gbọ́dọ̀ fi 22H2 hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Update & Security, kí ẹ wá Enroll now ní ojú Windows Update. Bí ẹ bá gbà kí àkáǹtì Microsoft yín máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà náà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, dọ́là 30 ni.

Ti Windows 11 tó ṣèlérí ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. Nínú 6300U, 6 yẹn ni ìran ẹ̀rọ náà, ìran kẹfà. Ìran kẹjọ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀rọ Intel wọlé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. Nínú i5-1135G7, nọ́ńbà méjì ìṣáájú lẹ máa kà, ìran kọkànlá ni. Ẹ má ṣe gbára lé ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, torí wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ fojú ara yín ka ìlà Processor. Ẹ kọ tpm.msc náà, kí ẹ fi wo TPM, ṣíìpù ààbò tí Windows 11 ń béèrè: níwájú Specification Version, 2.0 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ó lè fi Windows 11 sórí ìran kẹfà. Rufus, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fíláàṣì Windows, lè yọ àyẹ̀wò yẹn kúrò lọ́nà. Ẹ̀rọ yóò tàn, ojú rẹ̀ yóò sì dà bíi ti tuntun. Àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ńlá ọdọọdún kì í sì í sábà wá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é, ẹ óò sì wa fáìlì tó ju 5GB lọ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe é. Èrò tiwa ni pé bí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ kéré sí ti ìran kẹjọ, ẹ rà á, kí ẹ fi Linux Mint, ètò tó ń gba ipò Windows, sí i. Bí ìyàtọ̀ owó náà ò bá tó nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Linux Mint 22 ní àtúnṣe ààbò títí di ọdún 2029, ọ̀fẹ́ sì ni. RAM 8GB tó o dáadáa, fíláàṣì 8GB sì tó láti fi gbé e. LibreOffice tó bá a wá ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n tábìlì inú ìwé ìdánwò lè sún kúrò láyè rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tún wà nínú rẹ̀, ẹ óò rí i lábẹ́ Layouts nínú ètò kíbọ́ọ̀dù. Olùkọ́ tó ń kọ ìbéèrè Yorùbá fún kíláàsì, tó sì ti ń kọ ẹ bí e láti ọdún yìí wá, á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ìran yòówù kó jẹ́, ẹ má sanwó kí ẹ tó yẹ bátìrì wò. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, yóò sì sọ ibi tó fi ìwé àbájáde sí fún yín. Ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Bí 50,000 mWh bá ti di 21,000, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Níbi tí iná wa ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kúkú ka owó bátìrì tuntun mọ́ owó ẹ̀rọ náà. Ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, wo SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì ẹ̀rọ náà: bó bá kọ Caution, ẹ yọ owó SSD tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tan án, kí ẹ máa tẹ F2 bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad. BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kí Windows tó tàn, ni yóò ṣí. Bó bá béèrè páswọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà ò mọ̀, ẹ gbé e fún un. Bí ẹ bá rí Computrace tàbí Absolute níbẹ̀ tí wọ́n kọ Activated sí iwájú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì lè tì í pa láti òkèèrè.

Èyí tó kù ló ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ jù. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ púpọ̀ ti ọ́fíìsì òkè òkun wá. Bí ọ́fíìsì náà ò bá yọ ẹ̀rọ yìí kúrò nínú orúkọ àwọn ẹ̀rọ wọn lọ́dọ̀ Microsoft, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe Reset tí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ló máa hàn lójú rẹ̀, á ní kí ẹ fi àkáǹtì iṣẹ́ wọlé. Ẹni tó tà á lè ti fi Windows sí i láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní hàn lójú yín rárá títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe. Ẹ ní kó ṣe Reset níwájú yín, kí ẹ fi hotspot fóònù yín so ó nígbà tó bá béèrè Wi-Fi. Ó lè gbà tó wákàtí kan. Ẹ jókòó tì í.

ÌBÉÈRÈ: Okun o! Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní. Mo fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tábìlì kan àti láptọ́ọ̀pù kan. Ìwé NIN, èsì WAEC àti fọ́ọ̀mù JAMB àwọn oníbàárà ló kún inú wọn. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì ti da Recycle Bin nù. Ṣé ó ti tó?
Ìyá Bísínẹ́ẹ̀sì, Kàbà

ÌDÁHÙN: Màmá, kò tíì tó, inú wa sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó tà á. Ẹ fọkàn wo ìwé tó ní àkóónú lójú ewé àkọ́kọ́. Tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, ìlà kan péré ni kọ̀ǹpútà fà yọ nínú àkóónú yẹn. Ojú ewé tí NIN wà gan-an ṣì wà níbi tó wà, títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Quick Format ya ojú ewé àkóónú sọnù, ó fi ìyókù ìwé sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni PhotoRec àti Recuva, àwọn ètò tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà yín, tó sì ní sùúrù, lè fi ọ̀kan nínú wọn kó àwòrán pásípọ́ọ̀tù àti NIN jáde lọ́jọ́ tó rà á.

Kọ̀ǹpútà tábìlì àtijọ́ sábà máa ń ní háàdì dísìkì tó ń yí, tí ẹ máa ń gbọ́ ìró rẹ̀. Tirẹ̀ rọrùn. Ẹ kó ohun tí ẹ ṣì nílò sí ibòmíràn, kí ẹ fi fíláàṣì Windows tan kọ̀ǹpútà náà. Tó bá dé ojú tó ti ń béèrè èdè, ẹ tẹ Shift àti F10 pa pọ̀, ojú dúdú kan yóò jáde. Ẹ kọ diskpart, lẹ́yìn náà list disk. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀: ẹ fi iye GB mọ èyí tó jẹ́ háàdì dísìkì yàtọ̀ sí fíláàṣì, torí èyí tí ẹ bá mú ò ní padà bọ̀ sípò mọ́. Bó bá jẹ́ Disk 0, ẹ kọ select disk 0, kí ẹ wá kọ clean all. Clean láìsí all kò tó. All yẹn ló ń kọ òdo sí gbogbo orí dísìkì. Kò ní fi hàn yín pé òun ń ṣiṣẹ́, ojú dúdú náà á kàn dúró bẹ́ẹ̀. Dísìkì 500GB tó ń kọ 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23. Bí iná bá lọ láàárín, àtìbẹ̀rẹ̀ ni, nítorí náà ẹ so ó mọ́ ínfátà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀méje ń fi iná yín ṣòfò.

Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ní SSD, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. SSD máa ń pín ohun tí ẹ bá kọ káàkiri inú ara rẹ̀ kí ibì kan má bàa gbó ju ibì kejì lọ, ó sì ní àyè àpamọ́ tí Windows kì í rí. Òdo tí ẹ bá kọ lé e lè má dé ibi tí NIN sá sí. Ẹ wọ BIOS, kí ẹ wá Secure Erase tàbí Data Wipe lábẹ́ Security. SSD fúnra rẹ̀ ni yóò pa gbogbo inú ara rẹ̀ rẹ́, kì í sì í pẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tan BitLocker tàbí Device encryption, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dátà pa, ẹ jẹ́ kó parí pátápátá, kí ẹ wá ṣe Reset this PC, ẹ mú Remove everything, ẹ wọ Change settings, kí ẹ tan Clean data. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ dídì tí kò sẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ohun tí ẹ ti kọ kí ẹ tó tan án ṣì lè kù díẹ̀ sí àyè àpamọ́, nítorí náà Secure Erase ló dára jù.

Ẹ̀rọ tí ẹ ò béèrè nípa rẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù jù: ẹ̀rọ DI. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ńlá tòkunbọ̀ ló ní háàdì dísìkì nínú. Ìwé tí ẹ bá gbé sórí gíláàsì máa ń gba ibẹ̀ kọjá, àwòrán rẹ̀ sì lè kù síbẹ̀. Kí ẹ tó tà á, ẹ wọ ètò alábòójútó rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa dátà rẹ́ tàbí tí wọ́n ti ń fọ́ọ̀mátì dísìkì. Ẹ má kàn ní kí oníṣẹ́ yọ dísìkì náà dànù láìbéèrè, torí òmíràn kì í tàn mọ́ tí kò bá sí dísìkì nínú rẹ̀.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, kan ẹni tó ń kó ìwé oníbàárà pamọ́. Bí dátà bá jò, tó sì ṣeé ṣe kó pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni òfin fi sílẹ̀ láti fi tó Nigeria Data Protection Commission létí. Ó sàn kí ẹ má kó o jọ rárá. Ẹ máa pa fáìlì oníbàárà rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, kí ẹ sì máa ṣí Chrome ní Guest fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ímeèlì rẹ̀, kí àkáǹtì rẹ̀ má bàa wà ní ṣíṣí sílẹ̀ tó bá ti lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ra fíláàṣì 2TB lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, mo kó fídíò ọdún ìjẹṣu tuntun tí a yà ní Ògìdì sí i. Àwọn tí mo kọ́kọ́ kó ń ṣí, àwọn tó kù kò ṣí, síbẹ̀ mò ń rí orúkọ gbogbo wọn. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, àbúrò. Irọ́ ni 2TB náà. Inú fíláàṣì kọ̀ọ̀kan ni ṣíìpù kan wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí àyè ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ṣe ayédèrú ti kọ́ ti inú tìẹ nírọ́: ó ń pe ara rẹ̀ ní 2TB, bẹ́ẹ̀ ibi ìpamọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè má ju 32GB lọ. Ìwájú fíláàṣì, níbi tí àyè wà lóòótọ́, ni àkọsílẹ̀ orúkọ fáìlì máa ń wà, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí gbogbo orúkọ náà. Ara fídíò tó kọjá àyè tòótọ́ kò ríbi dúró sí. Má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè gbà á padà, torí kò sí níbẹ̀. Inú fóònù tàbí káàdì kámẹ́rà tí o ti kó wọn wá ni kí o padà sí, kíákíá, má sì ya àwòrán kankan lé e.

Kó àwọn tó ń ṣí kúrò lórí fíláàṣì náà, kí o wá dán an wò. H2testw, ètò tó ń dán fíláàṣì wò, ló dájú jù fún fíláàṣì kékeré: mú fíláàṣì rẹ, yan all available space, tẹ Write + Verify. 64GB tó ń kọ 10MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ láti kọ nìkan. Ní ìwọ̀n eré yẹn, 2TB yóò ju wákàtí 55 lọ, nítorí náà lo ValiDrive lórí Windows, tó máa ń ṣàyẹ̀wò ibì kan níbí, ibì kan lọ́hùn-ún, títí dé òpin. Lórí Linux, f3probe ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bí ó bá sọ fún ọ pé 29GB péré ló wà níbẹ̀, má fi nǹkan tó ṣe pàtàkì sí 29GB náà pàápàá.

Láti ìparí ọdún 2025 ni owó ṣíìpù ìpamọ́ ti ń gòkè, torí àwọn tó ń ṣe é ti kọjú sí àwọn gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà AI. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù, kéde pé òun máa pa Crucial tì, orúkọ tí wọ́n fi ń ta RAM àti SSD fún àwa tí a ń rà á nílé. Ní irú àkókò báyìí, kò sẹ́ni tó máa ta 2TB tòótọ́ ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ra àpótí Android TV kan fún wa, bọ́ọ̀lù gbogbo là ń wò lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni dátà ti ń tán, kódà nígbà tí a bá pa TV. Kí ló ń jẹ ẹ́?
Bàbá kan, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ fa wáyà iná rẹ̀ yọ lónìí, kí ẹ wo bóyá dátà yóò dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0, ètò burúkú tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí TV olówó pọ́ọ́kú. Òmíràn ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, òmíràn ń bá àwọn ètò bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ wọlé. Àwọn ọ̀daràn ń gba inú ilé yín kọjá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà yín ni wọ́n ń jẹ, nọ́ńbà ìlà íntánẹ́ẹ̀tì yín ló sì ń hàn níbi tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ ibi. Bí Play Store bá wà lórí rẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ wọ Settings inú rẹ̀, kí ẹ wo About: ó yẹ kó sọ pé Play Protect, ètò ààbò Google, ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má lò ó mọ́. Factory reset kò lè yọ èyí tó ti ilé iṣẹ́ bá a wá, torí inú ètò ìpìlẹ̀ tí reset náà ń dá padà ló wà. Kí ẹ yí páswọ́ọ̀dù Wi-Fi yín padà pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì fóònù mi ní kí n fi páswọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún òun di ọ̀la. Ṣé ó yẹ?
Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Mọ̀pà

ÌDÁHÙN: Kò yẹ, bàbá. Gíláàsì, bátìrì àti ojú ṣájà kò nílò páswọ́ọ̀dù. Ó lè fi ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù gan-an dán gíláàsì wò, kí ẹ̀yin wá ṣí i nígbà tí ẹ bá wá gbà á. Bó bá jẹ́ Samsung tuntun, ẹ wá Maintenance mode nínú Settings. Repair mode ni Pixel ń pè é. Yóò ṣí ojú òfìfo fún un láti dán fóònù wò, àwòrán àti áàpù báńkì yín ò ní hàn.

Ẹ yọ SIM kúrò kí ẹ tó fi í sílẹ̀, torí SIM ni wọ́n fi ń gba kóòdù báńkì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi PIN sí SIM náà fúnra rẹ̀, nínú ètò ààbò fóònù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: tí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK, nọ́ńbà tó ń ṣí SIM tó ti tì, ni yóò máa béèrè, bí ẹ bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, SIM náà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láé. Inú ìwé nílé ni kí ẹ kọ PUK náà sí, kì í ṣe inú fóònù.